Ikú Àìtọ́jọ́ Bátìrì Láptọ́ọ̀pù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà bátìrì ọkọ̀ dáadáa, kó lọ sí Coal Camp ní Enugu. Àwọn awa-èédú ni wọ́n tẹ àdúgbò náà dó fún, lẹ́yìn tí wọ́n rí èédú nínú ilẹ̀ Udi lọ́dún 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lọ́dún 1915. Èédú yẹn ló bí ìlú Enugu. Ní báyìí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti iṣẹ́ mẹkáníìkì ló gba ibẹ̀ kan: ẹ́ńjìnnì tokunbọ̀ tí epo ṣì ń kán lára rẹ̀, gíáàbọ́ọ̀sì tí wọ́n tò jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn rẹwáyà, àwọn tó ń ta bátìrì àtàwọn tó ń ṣáàjì rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ̀ nípa bátìrì ọkọ̀ kì í ṣe kékeré, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn gan-an, tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì láti ìgbà èwe, la gbé lé orí bátìrì láptọ́ọ̀pù láìbéèrè bóyá ó bá a mu. Kò bá a mu. Ohun tí bátìrì ọkọ̀ fi ń pẹ́ láyé ni ti láptọ́ọ̀pù fi ń kú láìtọ́jọ́.

Ẹ wo oníbátìrì kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí ìdérí mẹ́fà tó wà lórí bátìrì, ó ti ìgò olórí rọ́bà bọ inú ihò àkọ́kọ́, ó fa ásíìdì díẹ̀ sókè, ó sì tẹjú mọ́ ohun kan tó ń léfòó nínú ìgò náà. Bí nọ́ńbà tó hàn bá wà láàárín 1.26 sí 1.28, ihò yẹn kún. Bí ó bá rì dé nǹkan bí 1.12, ó ti gbẹ. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa wò bẹ́ẹ̀, torí bí ẹyọ kan bá ti ṣàárẹ̀, gbogbo bátìrì ti ṣàárẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò kìlọ̀ fún yín pé ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì pa á tì láìkún. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bátìrì olójé tó bá wà ní gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́, iyọ̀ funfun kan á dì mọ́ awo òjé inú rẹ̀. Bí iyọ̀ náà bá ti le tán, kò sí ṣájà tó lè tú u mọ́. Kíkún ni ẹ̀mí bátìrì olójé.

Lítíọ́ọ̀mù ló wà nínú ti láptọ́ọ̀pù. Ilé-iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà lọ́dún 1991, àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn ṣí ọ̀nà náà, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì lọ́dún 2019. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ àpòpọ̀ irin àti lítíọ́ọ̀mù, èkejì jẹ́ graphite, tí í ṣe kábọ̀nù, ìbátan èédú tí wọ́n wà ní Enugu. Bí a bá ń ṣáàjì bátìrì, lítíọ́ọ̀mù á kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kìíní, á lọ wọ àárín graphite. Bí a bá ń lò ó, á padà síbi tó ti wá. Àlọ àti àbọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọgbẹ́ wà ni ojú graphite náà. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó, tí kì í jẹ́ kí omi kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì máa jẹ ẹ́. Láìsí awọ yìí, bátìrì kò lè tọ́jọ́ rárá. Àmọ́ lítíọ́ọ̀mù ni awọ náà fi ń nípọn sí i, èyí tó bá sì ti bá awọ lọ kò ní padà wá ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, bátìrì ń gbó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, yálà a lò ó tàbí a fi í pamọ́ sínú páálí. Kò sí ẹni tó lè dá ogbó yẹn dúró. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni bó ṣe máa yá tó, ohun méjì ló sì ń mú kó yá ju ohunkóhun lọ: ooru, àti wíwà ní kíkún.

Ooru máa ń mú kí gbogbo ìjẹrà inú sẹ́ẹ̀lì yára. Kíkún ní tirẹ̀ túmọ̀ sí fóltì gíga: sẹ́ẹ̀lì tó ti dé 4.2 fóltì, inú ìnira ni í wà, omi kẹ́míkà inú rẹ̀ á sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ di gáàsì. Gáàsì yẹn ló ń jẹ́ kí bátìrì wú títí pádì ìka lára láptọ́ọ̀pù á fi gbéra sókè.

Nọ́ńbà kan wà tí àwọn onímọ̀ bátìrì sábà máa ń tọ́ka sí, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò ó. Ẹ gbé sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko láìfọwọ́ kàn án. Bí ó bá wà ní ìdá 40 nínú 100, níbi tí ooru ti jẹ́ 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá 96 agbára rẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù. Bí ó bá kún dẹ́nu nínú ooru kan náà, 80 ni. Ẹ wá gbé ooru lọ sí 40: èyí tó wà ní ìdá 40 á já sí 85, èyí tó kún á já sí 65. Ẹnikẹ́ni kò lò wọ́n. Àlàfo tó wà láàárín 96 àti 65, ooru àti kíkún nìkan ló gbà á.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan lílò, ọ̀nà kan náà ló tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí à ń ṣáàjì dé 4.2 fóltì nígbà gbogbo máa ń fara da ìgbà 300 sí 500 kí agbára rẹ̀ tó wálẹ̀ gan-an. Bí a bá ń dá a dúró ní 4.1, iye ìgbà yẹn lè di ìlọ́po méjì, ohun tí a sì fi rà á kò ju ìdá 10 sí 15 agbára rẹ̀ lọ lójúmọ́. N kò mọ òwò mìíràn lórí kọ̀ǹpútà tí èrè rẹ̀ tó báyìí.

Ìmọ̀ràn mìíràn tó ń pa bátìrì wa kò ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wá. Ayé bátìrì níkẹ́ẹ̀lì ló bí i, irú èyí tó wà nínú fóònù àti kámẹ́rà àtijọ́. Wọ́n ní kí a lò ó títí tí yóò fi kú fin-ín kí a tó tún ṣáàjì rẹ̀, wọ́n ní kí a fi láptọ́ọ̀pù tuntun sójú iná fún wákàtí mẹ́jọ kí a tó tàn án. Níkẹ́ẹ̀lì àti kádímíọ́ọ̀mù nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Lítíọ́ọ̀mù kò nílò rẹ̀, lílò ó dé òdo lójoojúmọ́ sì ń fi kún ogbó rẹ̀ ni. Ìgbà kan ṣoṣo tó bójú mu láti lò ó tán ni ìgbà tí nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà bá ti ń ṣìnà, tó ń sọ pé ìdá 30 kù kí ẹ̀rọ tó kú pii. Ká lò ó tán lẹ́ẹ̀kan, ká tún ṣáàjì rẹ̀ kún, kí kọ̀ǹpútà lè tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ìṣirò nìkan ni èyí ń tún ṣe, kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ bátìrì.

Ọ̀rọ̀ iná ìjọba kò ṣeé fò dá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ta ilé-iṣẹ́ iná fún aládàáni, ilé-iṣẹ́ EEDC ló gba agbègbè Enugu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, sọ pé àwọn tó wà ní Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, ní owó gọbọi. Ìpínlẹ̀ Enugu ti wá dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí, àjọ náà sì dín owó Band A kù láti 209 náírà lórí yúnìtì kan sí 160 lọ́dún 2025. Ìjà owó iná yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí iná ló kan bátìrì, ó sì ti pín wa sí ọ̀nà méjì.

Ẹni tí iná rẹ̀ kò tó nǹkan mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá mú iná dé ní òru, á sáré ki ohun gbogbo bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, láptọ́ọ̀pù á ti kún fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí iná bá lọ, á lò ó títí yóò fi kú, á tún dúró de òru mìíràn, tàbí kó tan jẹnẹrétọ̀ bí owó epo bá wà, bí epo sì ṣe gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, èyí kì í ṣe ojoojúmọ́. Láti òdo dé ọgọ́rùn-ún, láti ọgọ́rùn-ún dé òdo: ìyẹn ń jẹ bátìrì, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í kúrò lójú iná láti ìdájí dé òru. Ó wà ní ìdá 100 ní gbogbo wákàtí, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ń sè é láti abẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, iná á lọ fún ogún ìṣẹ́jú péré, ẹ̀rọ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sì máa ṣe kàyéfì pé, "Ṣebí n kì í lo bátìrì yìí!" Kò lò ó lóòótọ́. Ipò tó fi í sí ló pa á.

Ooru tilẹ̀ wà nílẹ̀ fún wa kí ẹ̀rọ tó fi tirẹ̀ kún un. Ilé-iṣẹ́ Apple sọ ọ́ gbangba pé kí ooru ibi tí a ti ń lo láptọ́ọ̀pù wọn wà láàárín 10 sí 35, pé ohun tó bá kọjá 35 lè ba agbára bátìrì jẹ́ pátápátá. Ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ní Enugu máa ń súnmọ́ 35 náà lábẹ́ ibòji. Ẹ wá ronú nípa yàrá tí páànù orí rẹ̀ kò ní síílì, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n pa sínú oòrùn tí láptọ́ọ̀pù wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Tìmùtìmù á dí ihò abẹ́ ẹ̀rọ, fáànù á máa pariwo, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò sì ní rí ibi gbà jáde. Pátákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ láptọ́ọ̀pù, tàbí ìwé ńlá tó le, ti yanjú ọ̀ràn yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbọn eruku inú fáànù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́.

Àwọn kan a máa sọ pé kí a yọ bátìrì kúrò bí a bá ti wà lójú iná. Ní ìlú tí iná kì í lọ, mo lè gbà. Níbí, bí bátìrì kò bá sí lára ẹ̀rọ, iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú ti bá iná lọ nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù òde òní kò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣeé yọ mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2009 tí Apple ti ti bátìrì mọ́ inú MacBook Pro oníwọ̀n íǹṣì 17, àwọn yòókù ti tẹ̀ lé e.

Ohun tó dára jù ni èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà wa. Àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù mọ gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, wọ́n sì ti fi ìdádúró kan sí i, tí kì í jẹ́ kí bátìrì kọjá ìdá 80 tàbí 60. Lenovo pè é ní Conservation Mode, ó wà nínú ètò Lenovo Vantage. Ti ASUS ń jẹ́ Battery Health Charging. HP fi tiwọn sínú BIOS, Battery Health Manager. Dell ní èyí tí wọ́n kọ Primarily AC Use sí lára. Apple ti fi irú rẹ̀ sínú macOS láti ọdún 2020. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, kó tan án lónìí, kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dájú lè fi í sílẹ̀ ní títàn lọ́sẹ̀ tí iná bá dára, kó sì pa á bí ó bá mọ̀ pé ìrìn àjò tàbí òkùnkùn ń bọ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ti pẹ́, tí kò ní irú rẹ̀, ẹ yọ wáyà nígbà tó bá dé 80 tàbí 85, ẹ tún fi í sí i nígbà tó bá súnmọ́ 20. Ẹ má sì sọ ọ́ di èèwọ̀. Bátìrì tó kún dé 100 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nítorí ìdánwò tàbí iṣẹ́ kò ní kú. Wíwà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ìyọnu. Bí ẹ bá fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù tì fún oṣù mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì, níbi tútù.

Ọ̀rọ̀ iná tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ṣájà láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ ojúlówó máa ń gba iná láti 100 dé 240 fóltì, ó sì ń sọ ọ́ di nǹkan bí 19 tàbí 20 kó tó dé ara ẹ̀rọ; inú ẹ̀rọ tún ní ẹ̀yà tó ń ṣọ́ iye tó ń wọ bátìrì. Iná tó bá ga jù á ba ṣájà jẹ́ kó tó kan bátìrì. Ṣájà ayédèrú ló yẹ kó dẹ́rù bani. Òmíràn wà tí wọ́n kọ 65 wáàtì sí lára tí kò sì lè gbé e. Bí iṣẹ́ bá wúwo, ẹ̀rọ á máa fa ìyókù lára bátìrì, bátìrì á sì máa lọ máa bọ̀ láìsinmi nígbà tí ẹ rò pé ojú iná lẹ wà.

Ká má parọ́, ọ̀pọ̀ bátìrì tí à ń sọ pé ó tètè kú lọ́wọ́ wa ti gbó kó tó dé ọwọ́ wa. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ní èbúté Èkó lọ́dún 2015 àti 2016, tí ibùdó Àdéhùn Basel lórí pàǹtírí eléwu, tó wà ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ sí, fi hàn pé láàárín 60,000 sí 71,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ aloná tokunbọ̀ ló ń wọlé lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà nínú ọkọ̀ tokunbọ̀ tí wọ́n kó wọlé, ó kéré tán ìdá 19 nínú ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́. Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù nìkan ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni láptọ́ọ̀pù ń gbà. Èyí tí ọ́fíìsì kan ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ti fi sójú iná fún ọdún mẹ́rin, tó tún wà nínú kọ̀ǹténà gbígbóná lórí òkun, kí la fẹ́ kó ṣẹ́ kù nínú bátìrì rẹ̀?

Nítorí náà, yálà ọjà kọ̀ǹpútà Otigba ní Ìkẹjà lẹ ti ń rà á ni o, tàbí Enugu, kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo bátìrì rẹ̀ ná." Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ̀rọ á sì sọ ibi tó kọ ìròyìn náà sí. Inú rẹ̀ lẹ ó ti rí DESIGN CAPACITY, ìyẹn agbára tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú, àti FULL CHARGE CAPACITY, ìyẹn èyí tó lè gbà báyìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 tí èkejì sì jẹ́ 31,000, ìdá 62 ló kù, ẹ sì ní ohun tí ẹ ó fi nájà. Ẹ má gba ìròyìn yẹn gbọ́ tán, torí wọ́n lè pa ìrántí bátìrì rẹ́. Ẹ yọ ọ́ lójú iná, ẹ gbé fídíò sí i, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wò ó. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dára. Bí ó bá fò láti 45 sí 10, sẹ́ẹ̀lì kan ti ṣàárẹ̀ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ihò kan ṣe ń ba bátìrì ọkọ̀ jẹ́.

Àwọn kan máa ń tú bátìrì àtijọ́, wọ́n á sì pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Bí ẹ bá la páálí ike rẹ̀, ẹ ó rí sẹ́ẹ̀lì roboto mẹ́fà, méjì-méjì ní ìlà mẹ́ta, tí ike aláwọ̀ ewé tàbí búlúù wé, tí irin níkẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ so orí wọn pọ̀, pẹ̀lú pátákó ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. 18650 ni wọ́n ń pe irú sẹ́ẹ̀lì yẹn: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ 65. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo sì mọyì rẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára, ẹ sá fún un. Sẹ́ẹ̀lì tó dára ní ìwọ̀n yẹn kì í sábà kọjá nǹkan bí 3,500.

Bátìrì tó bá ti wú, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ti tán lórí rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un kí gáàsì lè jáde, bí mo ti rí àwọn kan tí wọ́n ń ṣe. Lọ́dún 2006, Dell gba bátìrì láptọ́ọ̀pù mílíọ̀nù 4.1 padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí Sony ṣe sínú wọn lè gbiná, bẹ́ẹ̀ tuntun sì ni wọ́n, látọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn jù lágbàáyé. Iná lítíọ́ọ̀mù máa ń ràn láti sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì kí ènìyàn tó lè sáré pe aládùúgbò.

Ibi tí a ó kó èyí tó kú lọ ṣì jẹ́ ìṣòro. Bátìrì olójé kì í pẹ́ nílẹ̀ torí òjé ní ẹni tó ń fi ìwọ̀n rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyọ́ rẹ̀ láìbìkítà ń pa ènìyàn lára. Ti lítíọ́ọ̀mù, inú pàǹtírí ló ń parí sí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ti kú. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí IBM ní Íńdíà yẹ bátìrì láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti jù nù wò, wọ́n rí i pé bí ìdá 70 nínú wọn ṣì lè tan gílóòbù LED ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́ fún ọdún kan. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó mọ wáyà so. Fún èyí tí kò wúlò mọ́, àjọ EPRON, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018, ló ń bójú tó pàǹtírí ẹ̀rọ aloná ní Nàìjíríà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú irin rẹ̀ kó má bàa kan irin mìíràn.

Ní Yúróòpù, òfin bátìrì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 sọ pé láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, ẹni tó ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè fúnra rẹ̀ yọ bátìrì inú rẹ̀, kó sì fi òmíràn rọ́pò. Láptọ́ọ̀pù tí òfin yẹn bá bí ló máa di tokunbọ̀ tí a ó máa rà ní nǹkan bí ọdún 2031.